Ta Ló Nu Ẹ̀jẹ̀ Náà? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Gbé Ìtàn Ogun Wá sí Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Àkúrẹ́

Ọmọ mi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí o gbé ìwé rẹ lé orí tábìlì mi ní Arákalé, tí o ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kà á, kí ẹ sì fún àwọn oníbàárà yín kà. Ẹ má wojú mi o." O ò dúró mu omi tí mo bù fún ọ. Ojú ewé 312 ni, wọ́n fi wáyà dì í lẹ́yìn, o sì fi bírò kọ "Apá Kìn-ín-ní Nínú Méje" sára èèpo rẹ̀. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn márùn-ún mìíràn ti kà á lẹ́yìn mi. Ǹ bá pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ kí n bá ọ sọ ọ́, àmọ́ ìwọ nìkan kọ́ lo ń kọ irú ìtàn yìí láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. Ó kéré tán, àwọn mẹ́ta mìíràn ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yìí, tí wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn tó ń ka ìtàn ogun àti idán ń fẹ́ àti ohun tó ń sú wọn. Ni mo ṣe kọ ọ́ síta. N kò ní dárúkọ rẹ, n kò sì ní dárúkọ ìwé rẹ.

Ọdún 2006 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yá èèyàn ní ìwé. Ìwé àlòkù ni, tí à ń já ní bẹ́ẹ̀lì láti Èkó. Ìwé ìfẹ́ ń lọ, ìwé àdúrà ń lọ, ṣùgbọ́n èyí tí kì í sùn lórí pẹpẹ mi ni ìtàn ogun alápá púpọ̀, èyí tó le, tó korò, tí ọba ń ṣekú pa ọba, tí dírágónì ń fò, tí akọni fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèyàn dáadáa. Òyìnbó ń pe èyí tó dúdú jù nínú wọn ní grimdark. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún àwọn tó ń yá ìwé. Apá òsì, orúkọ àti ọjọ́. Apá ọ̀tún, ohun tí ẹni náà bá sọ lójú ẹsẹ̀ nígbà tó ń dá ìwé padà. N kì í tún un ṣe. Bó bá ṣe bọ́ lẹ́nu wọn ni mo ń kọ ọ́. Inú ìwé yẹn ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ yá tìrẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ó sì máa ń kàwé láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru nígbà tí ara bá rọ gbogbo wọn. Ọjọ́ kẹta ló gbé e padà. Ó ní, "Mọ́mì, ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ló nu ẹ̀jẹ̀ náà?" Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ṣí ojú ewé 140 fún mi, níbi tí o ti pa ogójì èèyàn nínú ààfin lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ọba tuntun sì jókòó jẹ iyán lórí ilẹ̀ kan náà láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó bá dà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn, garawa omi mẹ́ta kì í tó o. Ó ní bó bá ti gbẹ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń họ ọ́ ní eteetí táìlì, òórùn rẹ̀ á dà bí irin tó dípẹtà, eṣinṣin á sì ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ogójì èèyàn! "Ta ló pọnmi? Ta ló gbé òkú? Ọmọ ta ló dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó rí i?" Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi gbogbo ìwé orí pẹpẹ mi ní ìbéèrè kan náà.

Òǹkàwé kì í sá fún ẹ̀jẹ̀, ọmọ mi. Nínú ìtàn ogun alápá púpọ̀ tí George R. R. Martin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ, apá kẹta tó jáde ní ọdún 2000 ni ìwé tó ti gbó jù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti pa àlejò nípakúpa níbi ìgbéyàwó. Mẹkáníìkì kan jù ú lé mi lórí tábìlì, ó ní òun ò ka ìwé mọ́ láyé òun. Ọjọ́ kẹta ló padà wá gba apá kẹrin. Kí ló mú un padà? Robb Stark, ọba ọ̀dọ́ tí wọ́n pa níbẹ̀, ti ṣèlérí pé ọmọ Walder Frey, onílé tó gba àlejò náà, lòun yóò fẹ́, ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Gbèsè wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé padà sẹ́yìn yóò rí ibi tí wọ́n ti gbin ikú yẹn, ó ti hù, ó ti yọ ewé, a kàn ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó sì dun àwọn oníbàárà mi jù ni pé àwọn àlejò náà ti jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀ onílé kí onílé tó dìde sí wọn. Kò sí Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ohun tí mẹkáníìkì náà padà wá ṣọ́ nínú apá kẹrin nìyẹn, kó lè rí bí ilẹ̀ yóò ṣe mú àwọn ọ̀dàlẹ̀.

Ogójì tìrẹ ńkọ́? Wọn ò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Ojú ewé 141 kò rántí wọn mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ níbí, jókòó ka òkú inú ìwé rẹ, ó ní wọ́n jẹ́ 219. Ó ní nígbà tóun fi dé àádọ́ta, òun ti ń fò wọ́n kọjá.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn tó ń ka irú ìwé yìí fẹ́ràn ìkà. Jẹ́ kí n sọ ti tíṣà kan fún ọ. Ọmọ Ìdànrè ni, ó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún méjèèjì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo fún un ní ìwé àkọ́kọ́ Joe Abercrombie, èyí tó jáde ní ọdún 2006. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Glokta. Ọmọ ọlọ́lá ni nígbà kan, arẹwà, ó mọ idà lò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀tá mú un lójú ogun, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ fún ọdún méjì, wọ́n ká eyín rẹ̀, wọ́n ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó padà délé, iṣẹ́ tó rí ṣe ni kí òun náà máa fìyà jẹ ẹlòmíràn kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Èèyàn burúkú ni. Síbẹ̀ tíṣà yìí ò gbé ìwé náà sílẹ̀ fún odindi oṣù kan. Ohun tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi nìyí: "Ìkà ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ń dùn ún." Ó ní òun ò tíì rí òǹkọ̀wé tó mọ̀ pé ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn máa ń wo àtẹ̀gùn kó tó wo ojú ẹni tó ń dúró dè é lókè. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, lẹ́bàá ibi tí wọ́n bí i sí, lé ní 600. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tóun ti gùn ún kẹ́yìn. Ó sunkún níwájú mi. Ẹni tó ń dá èèyàn lóró nínú ìwé ló sunkún lé lórí.

Balógun tìrẹ pa bàbá rẹ̀ ní ojú ewé 12. Ó dáa. Kí ló ń dùn ún? Níbo lára rẹ̀? Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, egungun rẹ̀ wo ló ń kọ́kọ́ mọ̀?

Bí gbogbo wọn bá sì burú tán, ó máa ń rẹ òǹkàwé. Oníṣòwò aṣọ kan ní Ọjà Ọba kò parí tìrẹ; ó ní, "Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kó yè." Obìnrin kan náà yìí fẹ́ràn Davos inú ìtàn Martin bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni. Onífàyàwọ́ ni Davos. Òru ló gbé ọkọ̀ ojú omi tó kún fún àlùbọ́sà wọ inú odi kan tí ọ̀tá dó tì, tí ebi ti fẹ́ pa Stannis, olórí odi náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kú. Stannis fi í joyè nítorí àlùbọ́sà, ó sì gé orí ìka mẹ́rin lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nítorí fàyàwọ́. Davos gbà pé ó tọ́. Ó so egungun ìka náà mọ́ ọrùn nínú àpò kékeré, ó sì ń sin ọkùnrin yẹn lọ. Oníṣòwò aṣọ mọ fàyàwọ́, ó mọ òótọ́ inú, ó sì mọ̀ pé méjèèjì lè gbé inú ẹnì kan. Fún un ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan péré. Kò pọn dandan kó ṣẹ́gun.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù mi yá ìwé rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Apá ọ̀tún ṣófo níwájú orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láti 2006 nìyẹn. Mo wo ibi tó ká etí ewé sí. Ojú ewé 61 ni. Àwọn ọmọ ogun fipá bá obìnrin mẹ́ta lò níbẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlá lo fi sọ bó ṣe rí. O ò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn, o ò sì padà sọ́dọ̀ wọn mọ́ títí ìwé fi parí. O kàn lò wọ́n kí á lè mọ̀ pé Balógun burú, bẹ́ẹ̀ a ti mọ ìyẹn láti ojú ewé 12. Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń yá ìwé lọ́wọ́ mi ti ń sọ ọ́ nípa àwọn ìwé òyìnbó náà. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ogun ń ṣe fún obìnrin pamọ́. Àwọn ìyá wọn ti sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún ní orúkọ, kó ní ẹnu, kí ọjọ́ kejì rẹ̀ wà nínú ìwé.

Má sì rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ìtàn líle ti wá bá wa. D. O. Fágúnwà, tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó níbí ní ọdún 1903, fi Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn sínú ìwé tó gbé jáde ní 1938. Akọni ni Kàkó, ó wà lára àwọn tó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ, Kàkó sì yọ àdá, ó pa á. Títí dòní, bí ẹni méjì bá ka ibẹ̀ tán ní ṣọ́ọ̀bù mi, àríyànjiyàn ni. Àmọ́ kí àdá tó jáde, Fágúnwà jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ ní kúkúrú. Ohùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ikú náà lọ lára wa.

Bí Déjì bá wàjà ní Àkúrẹ́ yìí, ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe Adélé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò dé adé, yóò máa darí ìlú títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Ní Oǹdó, ìtàn wọn sọ pé obìnrin, Pupupu, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Rò ó wò: ọmọbìnrin kan ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, ìlú sì gbé e jókòó, àwọn ìjòyè ń wojú rẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọba tuntun bá wọlé lòun yóò bọ́ adé kalẹ̀. O dá odindi ààfin sílẹ̀ nínú ìwé rẹ, irú obìnrin yìí kan ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwájú ààfin Déjì lò ń gbà lọ sílé.

Ó di orí ogun fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA yẹn fi rúlà wọn máàpù tí o yà síwájú ìwé. Ó ní àwọn ọmọ ogun rẹ, 8,000, fẹsẹ̀ rin ohun tó tó Àkúrẹ́ sí Oǹdó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì, tàwọn ti ẹrù, wọn ò sì jẹ òkèlè kan. Àwọn tó fẹ́ràn irú ìwé yìí máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó sè é, ẹni tó ru ìkòkò. Má fojú kékeré wò wọ́n. Ìtàn tiwa kún fún un. Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí wọ́n tó tú ibùdó ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ìbàdàn dó sí apá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ dó sí apá Ìmẹ̀sí, wọ́n sì kọ́lé sí ibùdó bí ẹni ń tẹ ìlú dó. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ìró ìbọn ńlá ni ogun sì ti gba orúkọ. Ààrẹ Látòósà tó kó Ìbàdàn lọ síbẹ̀ kú sí ibùdó ní 1885, láìbá Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, wọ̀yá ìjà níwájú gbogbo ayé. Ogun ò tilẹ̀ dúró. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún jí sínú rẹ̀.

O sì mọ̀ ọ́n ṣe! Ohun tó ń ká mi lára nìyẹn. Ojú ewé 88, ìyá oníyọ̀ ní ibùdó. Ó ń wọn iyọ̀ fún àwọn ọmọ ogun, ó ń fi àtàǹpàkò gé orí òṣùwọ̀n kó lè dọ́gba. Wọ́n wá sọ fún un pé ẹgbẹ́ ogun tí ọmọ rẹ̀ wà ti run tán lódò. Ó wọn ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀ parí. Ó fi èènì sí i. Ó nu àtàǹpàkò sára ìró, ó wá jókòó sílẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lálẹ́, mo pa iná, mi ò rí oorun sùn. Gbogbo àwọn márùn-ún ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ àfi ọmọ télọ̀ tí kò kà débẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí o jẹ́ kí wọ́n máa sọ èdè Oǹdó láàárín ara wọn náà dára púpọ̀. Ọmọ Oǹdó ni mẹkáníìkì, ó ní èébú ojú ewé 95 yẹn, bàbá òun ló máa ń bú u.

Oògùn rẹ ò ní èèwọ̀, ìyẹn tún kù díẹ̀ káàtó. Onísègùn rẹ pe gbólóhùn kan, igba èèyàn ṣubú, ó lọ sùn. Mẹkáníìkì ní kí ló dé tí kò pè é ní ojú ewé 10 kí gbogbo wọn lè máa lọ sílé. Ní ilẹ̀ tí ọmọdé ti mọ̀ pé ẹni tó bá lágbára ní ohun tí kì í jẹ àti ibi tí kì í dé! Orúkọ náà sì pọ̀ jù. Wọ́n á sọ fún ọ pé Steven Erikson da orúkọ rẹpẹtẹ bo òǹkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1999, ó sì kọ apá mẹ́wàá tán ní 2011. Òótọ́ ni. Mo ní oníbàárà méjì tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú wọn, mo ní mọ́kànlá tó dá a padà láìkọjá orí kẹta.

Ó ku "Méje" tí o kọ sára èèpo. Martin gbé apá àkọ́kọ́ jáde ní 1996, apá karùn-ún ní 2011. Apá kẹfà la ṣì ń retí. Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1990, ó kú ní 2007 láìparí rẹ̀. Brandon Sanderson ló bá a parí ní 2013, ó di apá mẹ́rìnlá. Mo ní oníbàárà kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ka apá márùn-ún Martin lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo oṣù tó bá lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ní Alágbàká ló máa ń yà lọ́dọ̀ mi, "Ìyá oníwèé, ṣé ó ti dé?" Ní ọdún 2020, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé apá karùn-ún wá. Ó ní bàbá ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn ni bàbá fi sàmì sáàárín rẹ̀. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wà, kò tíì kà á dé ìdajì. N kò gba ìwé náà. Mo ní kó mú un padà sílé.

Ṣé o mọ ibi tí apá keje yóò parí sí? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí kí o tì í mọ́nú àpótí. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, mo bẹ̀ ọ́, pa "Méje" rẹ́, kọ "Mẹ́ta".

Ìwé rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi ọ̀rá wé e nítorí òjò. Wá lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ṣí títí di aago méje alẹ́. Mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí àwọn ibi tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ewé 61 yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án; mo fẹ́ kí á jọ jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì ti san owó apá kejì sílẹ̀, ₦500. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá oníyọ̀ sọdá odò, àti bóyá ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dání. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí apá òsì, mo fi àyè ọjọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá oníwèé, Arákalé, Àkúrẹ́